Nọ́ńbà Kan Náà Nínú Káàdì Ìyàwó Mi

Inú ń bí mi títí di òní. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń kà á ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, kó má baà máa retí pé ẹ̀rín ni màá fi parí rẹ̀. Gbogbo ẹni tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ló ní kí n dúpẹ́, kí n sì gbé e jù sílẹ̀. Mo ti dúpẹ́. Mi ò gbé e jù sílẹ̀.

Télọ̀ ni mí ní Ẹ̀jìgbò. Abidjan ni wọ́n bí mi sí, bí wọ́n ṣe bí ìdajì àwọn ọmọ àdúgbò wa síbẹ̀, ọmọ ọdún méjìlá sì ni mí nígbà tí bàbá mi kú tí ìyá mi kó wa padà wálé. Ọmọ Ìsúndùnrìn ni ìyàwó mi. Tíṣà ni, kíláàsì kẹta ló ń kọ́ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ibi tó ti gbé yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wá fún mi rán la ti pàdé. Ó ní mo rán apá ọ̀kan gùn ju èkejì lọ. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n mo tú u, mo tún un rán, kó lè ní ìdí tó máa fi padà wá.

A ò tíì pé ọdún kan tí a ṣègbéyàwó tó fi lóyún. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kò sí oúnjẹ tó ń dúró nínú rẹ̀ àfi atiéké tí ìyá mi ń ṣe tà, ẹ̀gẹ́ rírin tí wọ́n fi ooru omi sè, tí àwa tí a ti Abidjan dé ò lè gbàgbé. Ó ń jẹ ẹ́ láàárọ̀, ó ń jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, pẹ̀lú ẹja díndín. Ìyá mi yọ̀ débi pé gbogbo ẹni tó bá wá rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń sọ fún pé ọmọ inú yẹn ń béèrè ibi tí wọ́n ti bí bàbá rẹ̀.

Ohun tí kò dùn mọ́ ìyá mi nínú ni pé mò ń pọnmi, mò ń fọṣọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bá mi lẹ́yìnkùlé níbi tí mo ti ń fọ ìró ìyàwó mi.

Ó ní, "Ṣé ọwọ́ ìyàwó rẹ ti rọ ni?"

"Rárá o, màámi. Ó ń bì ni."

"Èmi náà bì nígbà tí mo lóyún rẹ. Mo bì, mo sì fọṣọ."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, màámi."

"Má kí mi ní pẹ̀lẹ́. Gbé e wọlé, kí o lọ fọ̀ ọ́ níbi tí ojú ò ti tó ọ."

Mo fọ̀ ọ́ síbẹ̀, mo sì sá a sórí okùn tó kọjú sí títì.

Mi ò ní sọ ibi tí ilé ìwòsàn tí a forúkọ sílẹ̀ sí wà. Ó tó kí n sọ pé òun ló sún mọ́ wa jù, àti pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ àwọn aboyún níbẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo gbé ìyàwó mi sẹ́yìn ọ̀kadà mi, a lọ. Bí a ṣe dé ẹnu ọ̀nà, nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀ na ọwọ́ dí mi lọ́nà. Mo mọ̀ ọ́n. Ìjọ kan náà la jọ ń lọ, ọ̀kan lára àwọn akọrin ni, ohùn rẹ̀ sì dùn.

Ó ní, "Ẹ̀yin, ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Mo tẹ̀lé ìyàwó mi ni, mà."

"Ibí yìí kì í ṣe ibi ọkùnrin. Ẹ lọ dúró lábẹ́ igi máńgòrò yẹn."

Àwọn obìnrin tó wà lórí bẹ́ńṣì rẹ́rìn-ín. Mo lọ dúró lábẹ́ igi máńgòrò. Ọlọ́kadà kan tó ń retí èrò níbẹ̀ bi mí bóyá ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á pààrọ̀ ìyàwó mi mọ́ mi lọ́wọ́. Láti ọjọ́ yẹn, ibẹ̀ ni mo ń jókòó sí ní gbogbo ọjọ́ tó bá ní ìpàdé, tí màá máa fi ọwọ́ ká etí aṣọ oníbàárà, tí màá máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọrin, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, tí nọ́ọ̀sì ń sọ ohun tó yẹ kí aboyún jẹ fún wọn. Lẹ́yìn náà wọn á máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn á sì máa jáde kíákíá. Mo tiẹ̀ ń yìn wọ́n nínú ọkàn mi pé ọwọ́ wọn yá.

Ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú ni ọ̀nà tí nọ́ọ̀sì yẹn ń gbà bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀. "Ìwọ tíṣà yìí, gbé ikùn rẹ wá." "Ìwọ yìí, ṣé etí rẹ ti di ni?" Obìnrin tí àwọn òbí tó tó bí i lọ́mọ ń kí ní "Àǹtí, ẹ káàárọ̀" lójoojúmọ́, wọ́n ń jágbe mọ́ ọn bí ọmọ tó jí ẹran jẹ. Nígbà tí mo bá ní mo fẹ́ lọ sọ̀rọ̀, ìyàwó mi á ní kí n fi sílẹ̀, pé bí wọ́n ṣe ń bá gbogbo aboyún sọ̀rọ̀ nìyẹn. Èmi ò mọ ìgbà tí oyún di ẹ̀ṣẹ̀.

Oyún náà ti wọ oṣù kẹjọ nígbà tí bàtà tó ń wọ̀ lọ sílé ìwé kọ̀ tí kò wọ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Orí ń fọ́ ọ láti ọjọ́ méjì sẹ́yìn, ó sì ń lo oògùn orí fífọ́ sí i. Nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó jí, ojú rẹ̀ wú. Ó ní ó dà bí ẹni pé omi wà láàárín òun àti ohun tí òun ń wò. Oníbàárà kan ti jókòó dè mí ní ṣọ́ọ̀bù, aṣọ òkú ló fẹ́ gbà. Ìyàwó mi ní kí n lọ dá a lóhùn, òun á wọ ọ̀kadà lọ sílé ìwòsàn fúnra òun. Mo jẹ́ kó lọ. Tí mo bá ń ka àwọn tí mò ń bínú sí, orúkọ tèmi náà wà níbẹ̀.

Kò tó wákàtí kan tó fi yọ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ń sunkún. Mo gbé àpótí fún un pé kó jókòó.

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Ó ní ṣé òní ni Ìṣẹ́gun ni."

"O ò sọ fún un pé ojú rẹ ń ṣe bàìbàì?"

"Mo sọ fún un. Ó ní àwa ọmọ ìsinsìnyí ò lè fara da nǹkan kan. Ó ní gbogbo aboyún lẹsẹ̀ ẹ̀ ń wú, kí n lọ sùn, kí n gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí. Orí ìdúró ni mo wà tó fi sọ gbogbo rẹ̀."

Mo dìde. Mo fẹ́ lọ bá obìnrin yẹn lọ́jọ́ náà, ohun tí mo fẹ́ sọ kò sì ṣeé kọ síbí. Ìyàwó mi di ẹ̀wù mi mú. Mo wá ní kó gbé káàdì tí wọ́n fún un wá, mo fẹ́ wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ lónìí. Wọn ò kọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ṣí i, ojú mi lọ sí ohun tí wọ́n ti kọ sẹ́yìn.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n ti kọ nǹkan sínú káàdì náà. Bí ara rẹ̀ ṣe wúwo tó ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà. Bí ikùn rẹ̀ ṣe ga tó náà ń yí padà. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ń kọ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sí, àádọ́fà lórí àádọ́rin ni. Mo wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, àádọ́fà lórí àádọ́rin. Ẹ̀ẹ̀mẹfà, kò yẹ̀.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń fi téèpù wọn ènìyàn. Mo mọ̀ pé tí mo bá wọn ìbàdí obìnrin kan láàárọ̀, tí mo tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tó jẹun ọ̀sán, kò ní bára mu. Ẹ̀jẹ̀ tó ń sáré lára ẹni tó gbé oyún, tó ń kọ́ ogójì ọmọ níwèé, tó ń rìn nínú oòrùn, òun ló wá dúró sójú kan fún oṣù mélòó kan bí òpó iná?

Mo bi í pé, "Tí o bá wọlé lọ bá wọn, ṣé wọ́n máa ń so nǹkan mọ́ ọ lápá, tí wọ́n á máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i?"

"Nǹkan wo?"

"Aṣọ kan tó ní rọ́bà."

Ó ronú. "Rárá. Ó kàn máa ń wò mí lójú ni, á sì kọ ọ́. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Oyún àkọ́kọ́ nìyẹn. Níbo ni kó ti mọ̀?

Mo ní oníbàárà kan tó jẹ́ agbẹ̀bí ìjọba ní ìlú Ara, èmi ni mo ń rán aṣọ iṣẹ́ funfun tó ń wọ̀. Mo pè é lórí fóònù. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n kí i tán.

"Ojú rẹ̀ wú? Orí ń fọ́ ọ? Gbé e wá báyìí. Má gbé e sórí ọ̀kadà o, wá mọ́tò!"

Mo fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ máṣínnì. Onítakisí kan ní àdúgbò wa gbé wa. Ẹnu ọ̀nà ni ìyá agbẹ̀bí náà ti pàdé wa ní Ara, ó di ìyàwó mi lápá mú, ó sì yíjú sí mi pé, "Kí lẹ dúró sí? Ẹ wọlé." Ó so aṣọ onírọ́bà mọ́ ọn lápá ọ̀tún, ó wọ̀n ọ́n. Ó tún un wọ̀n. Ó gbé e sí apá òsì, ó wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà ó ní kí n fún òun ní káàdì. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó da ojú káàdì náà dé orí tábìlì, kò sì tún fọwọ́ kàn án mọ́.

Ó rọra sọ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pé, "Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru. Ká ní ẹ dúró de Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni, gìrì ì bá ti mú un. Ọ̀pọ̀ wọn kì í dìde nínú rẹ̀." Ó gún un lábẹ́rẹ́, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì wọ mọ́tò tẹ̀lé wa lọ sí Òṣogbo. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Orí itan rẹ̀ ni orí ìyàwó mi wà títí a fi débẹ̀.

Dókítà tó rí wa ní Òṣogbo ní ọmọ náà gbọ́dọ̀ jáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì á lọ. Wọ́n gbé ìwé wá pé kí ọkọ buwọ́ lù ú. Mo kọ orúkọ mi sí i. Ìyàwó mi tó dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà na ọwọ́.

"Ẹ fún èmi náà ní bírò," ló wí. "Èmi ni mo ni ikùn."

Ó kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ tèmi, ó wọ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ni wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọbìnrin wa jáde. Orí rẹ̀ kò ju ọsàn kan lọ. Inú àpótí onígíláàsì tó ń mú ọmọ móoru ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, wọ́n sì lẹ nǹkan mọ́ ọn nímú. Ìyàwó mi kò ríran dáadáa fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń bi mí bí ọmọ ṣe rí, èmi ni mo ń júwe rẹ̀ fún un: ìka rẹ̀, etí rẹ̀, bó ṣe ń ká ẹsẹ̀ kò. Nígbà tí ìyá mi dé láti Ẹ̀jìgbò pẹ̀lú kúlà oúnjẹ lọ́wọ́, ó wo inú gíláàsì yẹn. Ó jáde síta, ó gba aṣọ tí mò ń fọ̀ lọ́wọ́ mi, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la lò níbẹ̀. Nígbà tí a délé, gbogbo ẹni tó wá kí wa kú ewu ọmọ ló ń sọ pé Ọlọ́run ló ṣe é. Èmi náà mọ̀ pé Ọlọ́run ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ta ló ṣe èyí tí Ọlọ́run wá gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀? Tí mo bá béèrè ìyẹn, wọ́n á ní kí n má ba ayọ̀ jẹ́.

Ní ọjọ́ ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwa mẹ́ta lọ síwájú. Nọ́ọ̀sì yẹn wà láàárín àwọn akọrin nínú aṣọ ẹgbẹ́ wọn. Pásítọ̀ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún mi, ó ní kí n wá sọ oore Olúwa fún ìjọ. Mo sọ ọ́. Mo sọ bí ojú ìyàwó mi ṣe wú, bí wọ́n ṣe lé e padà sílé torí pé Ọjọ́bọ̀ ni. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo ní, "Ẹ̀yin ará, wọ́n kọ nọ́ńbà tí wọn ò wọ̀n. Ẹ̀yin tí ìyàwó yín lóyún, ẹ lọ wo káàdì wọn nílé—"

Ibẹ̀ ni mo dé tí ẹni tó ń tẹ dùùrù fi bẹ̀rẹ̀ orin. Alàgbà kan rìn wá, ó ń rẹ́rìn-ín, ó fa ẹ̀rọ náà gbà lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká fi ìyìn fún Ọlọ́run!" Gbogbo ìjọ dìde, wọ́n ń jó. Mo dúró sáàárín wọn bí igi.

Níta, alàgbà yẹn fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn, ilé ìwòsàn là á ti sọ ọ́, àti pé ṣé mo fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọlọ́mọ ni. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tí mi ò lè dárí rẹ̀ jì í: "Àti pé ìwọ ọkùnrin, kí lò ń wá nínú káàdì obìnrin?"

Ìyàwó mi gbọ́. Nínú ilé wa, "o" ló máa ń fi bá mi sọ̀rọ̀, "ẹ" lójú ìyá mi. Tó bá ti lo "ẹ" nígbà tó ku àwa méjì, inú ló ń bí i. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó pọn ọmọ, ó ní, "Ẹ dìde. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Nọ́ọ̀sì náà nìkan la bá. Ìyàwó mi kúnlẹ̀ kí i, ó dìde, ó gbé káàdì sórí tábìlì.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọn ìfúnpá mi lónìí."

Obìnrin náà wo káàdì, ó wo èmi, ó wo ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyàwó mi. Ó wá fa dúrọ́ọ̀ kan jáde. Ẹ̀rọ yẹn wà níbẹ̀. Gíláàsì rẹ̀ ti fọ́, rọ́bà rẹ̀ ti là, aṣọ rẹ̀ ti gbó.

Ó ní, "Ó ti ṣe díẹ̀ tó ti bàjẹ́."

Mo ní, "Díẹ̀ báwo?"

"Kí ìyàwó yín tó lóyún."

Ó mú fáìlì kan jáde. Ẹ̀dà lẹ́tà mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, òun ló kọ wọ́n sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n fún òun ní ẹ̀rọ mìíràn. Kò sí èsì kankan. Ó ní àwọn tó ń wá yẹ ìwé wò kì í gba káàdì tí àyè rẹ̀ bá ṣófo, òun ni wọ́n máa ń bú. Ìdí nìyẹn tí òun fi ń kọ nọ́ńbà tó dára sí i.

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún àwọn obìnrin náà pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́, kí wọ́n lọ wọ̀n ọ́n ní Ara?"

"Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ta ló tún máa wá síbí? Wọ́n á ti ibí pa, wọ́n á gbé mi lọ sí ibi tí mi ò mọ̀." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Nọ́ọ̀sì méjì péré ni wá. Ẹ ò mọ ohun tí ojú wa ń rí."

Mo fẹ́ káàánú rẹ̀. Ìbínú mi ò mọ ibi tí yóò forí lé mọ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ò sunkún, ohùn rẹ̀ ò sì yí padà.

Ó ní, "Màámi, mo gbọ́ ti ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo wá bá yín, tí mo ní mi ò ríran dáadáa, ẹ ò ní kí n jókòó. Ẹ ò nílò ẹ̀rọ kí ẹ tó ní kí n jókòó."

Obìnrin náà ní, "Ẹ má bínú." Ìyàwó mi mú káàdì rẹ̀, a jáde.

Mo ya fọ́tò àwọn lẹ́tà náà kí a tó kúrò, nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló gbé wọn sílẹ̀ fún mi láti yà. Mo gbé wọn lọ sí ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá tó kọ wọ́n sí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní ọ̀gá ò sí nílé. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kì í ṣe tábìlì yìí, tábìlì tọ̀hún ni. Ẹnì kan bi mí bóyá oníròyìn ni mí. Mo ní télọ̀ ni mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ máa ránṣọ.

Ní ti àwọn obìnrin, wọ́n ti gbọ́ ohun tí mo sọ kí dùùrù tó bò mí mọ́lẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé káàdì wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, àwọn kan wá láti ìlú Masifa pàápàá. Mo máa ń kà á fún wọn. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ ò bá yí padà, màá ní kó lọ sí Ara lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan nínú wọn, wọ́n gbé e dé Òṣogbo kó tó ṣú, gẹ́gẹ́ bíi tiwa. Ẹlòmíràn ti pàdánù ọmọ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, káàdì àtijọ́ ló gbé wá. Ó kàn fẹ́ kí n bá òun wò ó ni. Mo wò ó. Mo jókòó tì í títí tó fi dìde lọ.

Ẹ̀rọ tuntun dé nígbà tó yá. Mi ò mọ̀ bóyá lẹ́tà ló gbé e dé tàbí ẹsẹ̀ mi. Àwọn èèyàn ńlá wá ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ìfẹ́ tí ìjọba ní sí àwọn ìyá, wọ́n pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó sọ pé ọjọ́ pípẹ́ ni ibẹ̀ fi wà láìní ọ̀kan.

Ọmọ wa ti ń rákò báyìí. Nígbà tó tó àkókò abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, mo ní ká máa gbé e lọ sí Ara. Ìyàwó mi kọ̀. Ó ní ilé ìwòsàn wa ni, òun ò ní fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ojú ẹni tó wà níbẹ̀ ni òun fẹ́ máa wò kó má baà gbàgbé. A bára wa jà lórí rẹ̀ fún odindi ọjọ́ méjì. Òun ló borí. Tí a bá débẹ̀, nọ́ọ̀sì náà máa ń kí wa, èmi náà máa ń dá a lóhùn, mi ò sì ní parọ́ pé ó ti kúrò nínú mi.

Ṣùgbọ́n òun ní tiẹ̀ ti sọ pé kí a má bínú. Àwọn tí mò ń bá fà á báyìí ni àwọn tí kò dáhùn lẹ́tà mẹ́rin yẹn. Mo fẹ́ mọ orúkọ ẹni tó kà á, tó sì tì í sábẹ́ ìwé mìíràn. Mo fẹ́ kó kọ èsì sí i, kódà nísinsìnyí, lórí ìwé, kó buwọ́ lù ú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tún dé ọ́fíìsì yẹn. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ ti mọ̀ mí, ó mí kanlẹ̀ bó ṣe rí mi, ó ní kí n padà wá ní Mọ́ńdè. Ìyàwó mi ní òun á tọrọ àyè níbi iṣẹ́, àwa méjèèjì la máa jọ lọ.